Okùn Kànga àti Ipò Alága

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ilẹ̀ ò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ẹni tó bá ní kí o má gòkè, ìsàlẹ̀ ni yóò ti máa wò ọ́. Àlàáfíà la wà nílé, àfi ìdí tó ń ro mí, wàá gbọ́ ohun tó fà á.

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Télọ̀ aládùúgbò wa dé ọwọ́ wa. Nígbà tí ìyá rẹ rí ọ nínú igbó, tí wọ́n fi aṣọ dì ọ́ lójú, tí wọ́n so okùn mọ́ ọ nídìí, ó figbe ta. Èmi ní kí Télọ̀ bá wa bi fóònù náà léèrè iye tí wọ́n fẹ́ gbà kí wọ́n tó tú ọ sílẹ̀. Ìgbà tó ka ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ ni ọkàn wa tó balẹ̀, pé ọ̀gá yín ló kó yín lọ sùn nínú àgọ́, pé kí ẹ gun igi, kí ẹ fi okùn mú ara yín rìn, kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe olórí. Torí kí o lè bọ́ nínú igbó la ṣe rán ọ níwèé, àṣé ẹni tó bá kàwé dójú àmì ni wọ́n ń dá padà síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo rí ọgbọ́n kọ́. A fẹ́ yan alága ẹgbẹ́ kànga àdúgbò, èmi àti Káfíńtà la jọ ń du ipò náà, ọkàn mi sì wà níbẹ̀ gan-an, torí ó pẹ́ tí wọ́n ti ń pè mí ní bàbá nínú ilé yìí láìsí ẹni tó ń gbọ́ tèmi. Ẹnu Káfíńtà dùn lóòótọ́, àmọ́ kò lọ́mọ tó ń gun igi ní ọ́fíìsì. Mo bá kó gbogbo ẹgbẹ́ lọ sínú igbó. Mo tú okùn kànga, mo ní kí wọ́n tò sẹ́yìn mi, kí wọ́n dì í mú, mo fi àwọn ìborùn ìyá rẹ dì wọ́n lójú. Mo di ojú tèmi náà, torí nínú àwòrán, ìwọ lo wà níwájú, wọ́n sì dì ọ́ lójú. Mo tún rántí àwọn olórí tí mo ti rí láyé mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é.

A ò tíì rìn jìnnà tí mo fi kó wọn sínú ẹrẹ̀, ìdí ni mo fi balẹ̀. Télọ̀ ń bú mi, Káfíńtà ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú, mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣíjú, pé ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Àṣé ìyá rẹ ti dé ìdí kànga, kò bá okùn níbẹ̀, ló bá tọ ipasẹ̀ wa wá. Kò sọ̀rọ̀. Ó gbá okùn mú láti ẹ̀yìn, ó wọ́ wa bí ẹni ń wọ́ ewúrẹ́ títí dé etí kànga. Bí ẹsẹ̀ Káfíńtà ṣe kan ilẹ̀ gbígbẹ, ó kígbe pé òun ò dupò mọ́, kí ẹni tó wà níwájú báyìí máa ṣe alága wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo pé mo fara mọ́ ọn. Gbogbo wọn gbà, a sì ṣíjú.

Ọmọ mi, ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà.

Ìyá rẹ, alága wa tuntun, ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gba okùn rẹ̀, ó fa omi, ó ní kí n lọ fọ àwọn ìborùn òun. Ó dùn mí dé eegun, síbẹ̀ mo fọ̀ wọ́n.

Jọ̀ọ́, fowó ránṣẹ́ ká fi ra okùn mìíràn, ẹrẹ̀ ti ba èyí jẹ́, kí o sì fi ti oògùn ìdí mi kún un. Má fi ránṣẹ́ sí mi o, alága ní òun ni kí o fún. Wàá di olórí, o ò ní dijú ṣe é. Ọjọ́ tí o bá sì débẹ̀, máa bojú wẹ̀yìn, kí o mọ ẹni tó di okùn mú.

Èmi ni bàbá rẹ, ọmọ ẹgbẹ́ lásán.