Ta Ló Ni Tòlótòló?

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ, 2025

A ti dé láti ọsibítù. Àlejò ń sùn — orúkọ tí mo ń pè é nìyẹn títí a ó fi kó o jáde ní Àbámẹ́ta. Obìnrin ni. Irun kún orí rẹ̀ bámúbámú, àfi bí ẹni tó mọ̀ pé onídìrí ni ìyá òun.

Ìwé, gbọ́ ohun tí èmi àti Eli ọkọ mi fọwọ́ ara wa fà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ìyá ọkọ ló ń wá wẹ ọmọ. Mo dọ́gbọ́n pe ìyá Eli ní Àsàbá, mi ò sọ fún Eli, mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu. Lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò tiwọn, ìyá ìyàwó ló ń wá. Eli náà dọ́gbọ́n pe ìyá mi ní Àgọ́ Aláyé, kò sọ fún mi, ó fẹ́ kó yà mí lẹ́nu. Ó yà wá lẹ́nu. Ọ̀sán òní ni àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ore níbí, Ìyá tèmi lórí ọ̀kadà pẹ̀lú àpò gàrí, Màmá tí í ṣe ìyá Eli pẹ̀lú tòlótòló ńlá kan tí wọ́n fi okùn dè lẹ́sẹ̀. Ilé yàrá méjì!

Ìyá rò pé wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Màmá rò pé ṣe ni mo pe òun wá wòran, kí n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá ò gbọ́ ju Ìkálẹ̀ àti Yorùbá gbogboogbò lọ. Màmá ò gbọ́ ju Ìgbò lọ, àti Pijin díẹ̀. Èmi ni ògbufọ̀, èmi tí mi ò tíì lè jókòó dáadáa. Eli ti wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ sá lọ sí Ìbìní.

(Kí àwọn àgbà má bínú — "ó" ni mo ń kọ fún wọn níbí. Tí mo bá ń kọ "wọ́n" fún ẹnì kan, mi ò ní mọ èwo nínú wọn mọ́.)

Kí n sọ òótọ́, kò kúkú sẹ́ni tó ń kà á. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí èmi àti Eli ti fẹ́ra, mi ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé wọn. Màmá ò wá síbi ìgbéyàwó. Ó ní ọmọ òun lọ fẹ́yàwó síbi tí òun ò ti ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń wá ni pé kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí n máa bọ̀ nílé. Ọmọ yìí ni mo gbójú lé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Ìyá wẹ ọmọ tán, ó jù ú sókè bí wọ́n ṣe ju gbogbo wa, kí ẹ̀rù má baà máa bà á. Màmá figbe ta, ó já ọmọ gbà. Ìyá ní ṣé òun ò bímọ rí ni? Màmá fèsì. Mi ò túmọ̀ ìyẹn.

Ó wá kàn mí. Màmá ki aṣọ bọ omi gbígbóná, ó tẹ ikùn mi mọ́lẹ̀ bí ẹni ń fún àpò ẹ̀gẹ́. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo, "Ọma mi! Ó fẹ́ pa ọma mi!"

Láti òní lọ, Ọ̀gágun ni ìyá ọkọ mi ń jẹ́. Inú ìwé yìí nìkan o.

Ọjọ́rú, 6

Kò sẹ́ni tó bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ lónìí àfi tòlótòló.

Ọjọ́bọ̀, 7

Ọ̀gágun ní òun ń lọ láàárọ̀ ọ̀la. Kò ní dúró de ìkómọ. "Her mama dey. Wetin I dey do for here?" Ó ní ká pa tòlótòló fún àwọn àlejò, òun ti ṣe tòun. Eli bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù títí. Mo kúnlẹ̀ — pẹ̀lú ara tó ń ro mí yìí — ó ní kí n dìde.

Tó bá fìbínú lọ báyìí, ó parí. Mi ò ní fojú kan ilé yẹn láyé mi. Wọ́n á máa pe ọmọ mi ní ọmọ obìnrin Ore. Mo sunkún sí Àlejò lórí.

Ìyá ní kó máa lọ. Ìgbà tó yá, mo rí i ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fún tòlótòló ní àgbàdo. Ó dẹ okùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní àánú ẹ̀ ṣe òun, pé ẹyẹ náà nìkan ni kò dá sí ìjà.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Mi ò tíì rẹ́rìn-ín tán.

Ilẹ̀ mọ́, tòlótòló ò sí. Ọ̀gágun ti gbé báàgì sọ́wọ́. Ó wo okùn, ó wo Ìyá. Ó sọ báàgì kalẹ̀, ó jáde. Ìyá náà so gèlè, ó tẹ̀ lé e — òun ló kúkú dẹ okùn. Èmi ò lè lọ, ìyá ọmọ kì í jáde kí wọ́n tó kó ọmọ jáde. Àwọn méjèèjì sì wọ ìgboro Ore láìní ògbufọ̀.

Ṣàkírát oníbúrẹ́dì, tó ń ta fún àwọn èrò ọkọ̀ létí márosẹ̀, ló sáré wá ròyìn fún mi. Ó ní ìṣọ̀ Kàsímù alálùbọ́sà ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Ìyá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rí tòlótòló?" Kó tó délẹ̀, Ọ̀gágun ti ké lẹ́yìn rẹ̀: "Tolotolo! You see tolotolo?" Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìgbò ṣe ń pè é.

Ìyá yíjú padà. Ṣàkírát ní wọ́n wo ara wọn bí ẹni tí kò rí ara wọn rí.

Kàsímù ní talotalo? Ó kọjá síbí, ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Ó wá fi kún un pé inú òun dùn pé àwọn ìyá náà gbọ́ Haúsá. Háà! Pé àwọn gbọ́ kí ni? Ìyá bẹ̀rẹ̀ ní Ìkálẹ̀: látìgbà tí wọ́n ti bí òun ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ ní Àgọ́ Aláyé, ìgbà wo ni Haúsá dé ibẹ̀? Ọ̀gágun bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbò, ó ń lu àyà. Àwọn méjèèjì kọjú sí Kàsímù pọ̀. Ìyá rò pé Ọ̀gágun ń gbe òun lẹ́sẹ̀. Ọ̀gágun rò pé Ìyá ń gbe òun lẹ́sẹ̀. Awakọ̀ Ìbìní kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ní ẹ má bínú o, àwa Ẹ̀dó la ni ín. Wọ́n bú òun náà.

Abẹ́ ọkọ̀ àjàgbé kan tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni wọ́n ti rí i, tó na ìyẹ́ sílẹ̀ fún adìẹ aládìẹ. Ìyá di ẹsẹ̀ mú, Ọ̀gágun di apá mú. Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé.

Wọn ò tíì wọlé tán tí Ìyá ti ń sọ fún mi: "Wùmí, o ò gbọ́? Ó ti ń kọ́ èdè wa lábẹ́lẹ̀!" Ọ̀gágun fà mí lápá kejì: "Your mama don learn Igbo! Because of me!"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni fún Ìyá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni fún Màmá. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Bọ́ọ̀sì Àsàbá ti lọ. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ìrìn àjò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Inúmidùn ni Àlejò ń jẹ́ báyìí! Màmá sọ ọ́ ní Onyinye, ẹ̀bùn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹja la jẹ. Eli mú ọ̀bẹ, Ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Màmá sì dúró síwájú tòlótòló. Inú Pásítọ̀ ò dùn, gbogbo àdúrà ló fi ń yọjú wo ẹ̀yìnkùlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Wọ́n ti pín iṣẹ́. Màmá ń wẹ̀, Ìyá ń jù — àmọ́ kò gbọdọ̀ ga ju èjìká lọ.

Tí wọ́n bá jókòó sẹ́yìnkùlé nírọ̀lẹ́, wọ́n á máa nàka sí ẹran tó bá ti kọjá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wọ́n tún pàdé. Ajá — rárá. Adìẹ — rárá. Ewúrẹ́ Àyànlọ́wọ̀ aládùúgbò wa kọjá, Màmá ní "ewu". Ariwo sọ! Ìyá ní Ìgbò ló gé ìdí rẹ̀ sọnù, Màmá ní Yorùbá ló so ìrù mọ́ ọn. Èmi ni mo túmọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí.

Mo bi Eli pé ta ló wá ni tòlótòló gan-an. Ó ní bóyá ẹyẹ náà ló ń dárúkọ ara rẹ̀, ìlú tó bá dé, á kígbe, wọ́n á sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi kì í sábà sọ nǹkan gidi. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Ara mi ti ń le. Màmá ń fi ọbẹ̀ ata bọ́ mi. Kò tíì sọ pé kí n máa bọ̀ nílé. Eli ní kí n ní sùúrù. Sùúrù ọdún mẹ́ta ńkọ́?

Ọjọ́ Àìkú, 24

Màmá lọ lónìí. Ó fi tòlótòló sílẹ̀ fún Ìyá. Mo gbé ọmọ tẹ̀ lé e dé gáréèjì. Ó gbàdúrà sórí ọmọ. Ó dì mọ́ Ìyá títí awakọ̀ fi ń fọn fèrè. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n máa jẹun.

Mo dúró ti fèrèsé ọkọ̀. Mo ń retí. Ọkọ̀ gbéra.

Ó dùn mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 28

Mò ń fún Inúmidùn lọ́yàn ni fóònù dún. Màmá ni. Mi ò tíì kí i tán: "Give your mama phone."

Ìyá gbà á. Ó ń pariwo Ìkálẹ̀ sínú rẹ̀, Màmá ń pariwo Ìgbò láti Àsàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n kẹ́dùn nípa nǹkan kan. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí Ìyá tó dá a padà fún mi, ó ń nu ojú. Ó ní, "Kí ló sọ?"

Mo bi Màmá. Ó ní òun ti sọ fún gbogbo ẹbí pé àna òun ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì. Òun ti gbá yàrá. Kí n sọ fún Ìyá kó má kó ẹnì kankan dání tó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un, àwọn ò nílò rẹ̀.

Mo ní mo gbọ́, mà. Mo gbé ọmọ sí èjìká.

"And you?" ó ní. "You no wan come see your house?"

Pijin sá lọ. Ìgbò tí mo ti ń kọ́ náà sá lọ. "Mo fẹ́, mà," ni mò ń sọ ṣáá, "mo fẹ́, mo fẹ́" — Yorùbá nìkan ló ń jáde, àti ẹkún.

Ó ní òun ti gbọ́.