Kókó Ìlàjẹ

Mọ́ńdè, 5 Nòfẹ́ńbà 1984

Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Múrítàlá (inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Ọ̀gágun) tún ka dìkírì rẹ̀ fún wa láàárọ̀. Àwọn sójà ń ka tiwọn lórí rédíò, òun ń ka tiẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. "Obìnrin kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ọ̀gá mi ò gbà á, ọ̀gá ọ̀gá mi ò gbà á."

Ọdún kan ààbọ̀ rèé tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Bébà ni mò ń ká. Bí wọ́n bá to gbogbo ẹ̀ jọ, á kan òṣùpá, á tún ṣẹ́kù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá mi sílẹ̀, kí ni mo fẹ́ máa jẹ́? Ọ̀gá àwọn aká-bébà?

Mo ti búra. Kí ọdún yìí tó parí, màá tẹ̀wé.

Túsìdé, 6

Nojeem, àgbà ọmọ iṣẹ́ — Sájẹ́ǹtì — ní kí n sún sẹ́yìn, mò ń rùn bí ẹja yíyan. "Ará omi!" Torí pé Ìlàjẹ ni wá, apẹja, létí ọ̀sà Bàrígà. Mo ní ẹ má bínú, Bùọ̀dá.

Orí ẹja kan ti wà nínú bàtà ẹ̀. Sùúrù ni.

Tọ́sìdé, 8

Wáyà tá a fi ń gán ìwé pọ̀ ti tán ní gbogbo Ṣómólú. Wọ́n ní kì í wọlé láti òkè òkun mọ́.

Fúráìdé, 9

Wàhálà. Ẹgbẹ̀rún kan ìwé orin Máòlúdì la tẹ̀ fún mọ́ṣáláṣí kan ní Fádèyí, kò sí wáyà tá a máa fi gán an. Kausarat, ọmọ Ọ̀gágun, ń sunkún. Ẹgbẹ́ ni wá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ṣùgbọ́n ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó lòun; òun ló ń rán mi lómi.

Mo ní, "Ẹ fún mi ní òwú."

Bàbá mi ò bí ọkùnrin. Èmi ló kọ́ ní àwọ̀n títún ṣe, bí ìyá-ìyá mi tiẹ̀ ń pariwo pé ọmọbìnrin kì í fọwọ́ kan àwọ̀n. (Dìkírì wà nílé náà.) Kókó tá a fi ń so àwọ̀n yẹn, ẹja tó tó màlúù ò lè tú u. Mo gán ìwé kan. Ọ̀gágun fà á títí ojú ẹ̀ fi pọ́n. Ìwé ò tú.

Nojeem ní ọwọ́ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ò gbọ́dọ̀ kan ìwé orin Ànábì. Kausarat nu ojú ẹ̀: "Ta ló ti ń ká a látọjọ́ yìí? Àǹjọ̀nú?"

Mo ní màá gán gbogbo ẹ̀ bí Ọ̀gá bá máa kọ́ mi ní ẹ̀rọ. Ó ní, "Gán an ná."

Wẹ́sìdé, 14

Ó parí. Ìka mi ti di ti ẹlòmíì.

Kausarat jókòó tì mí jálẹ̀, ó ń fi òwú sí abẹ́rẹ́. Ó ní látìgbà tóun ti wà lọ́mọ ọdún méje ni ẹ̀rọ yẹn ti ń wu òun. Mo rẹ́rìn-ín: ọmọ ọ̀gá! Ó ní, "Ìwọ máa ń lọ sílé tó bá di ìrọ̀lẹ́. Inú ilé tí dìkírì ti ń wá lèmi ń gbé."

Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Tọ́sìdé, 15

Alhaji láti mọ́ṣáláṣí dé. Ó yin iṣẹ́ náà títí. Ọ̀gágun na ọwọ́: "Nojeem ló gán an." Nojeem náà ń wú bí àkàrà nínú epo!

Kausarat ní, "Irọ́ ni o, Bàbá mi. Sabina ni."

Alhaji ní òun fẹ́ ẹgbẹ̀rún kan míì, ọwọ́ Sabina ni kí wọ́n fi gán an.

Fúráìdé, 16

Ọ̀gágun pè mí. "Wò ó, Sabina. Ìwọ kì í ṣe ara wa. Ará omi ni ẹ́, o kì í sì í kírun. Èèwọ̀ wa ò kàn ẹ́. Wá kọ́ ẹ̀rọ. Kausarat ńkọ́? Rárá o."

Háà! Ohun tí wọ́n ti fi ń lé mi sẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ṣílẹ̀kùn. Ó yẹ kí n fò kan òrùlé. Mo wo Kausarat. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo ní, "Ẹ ṣé sà. Ẹ jẹ́ n rò ó."

Rò ó kẹ̀! Nojeem fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú.

Sátidé, 17

Nojeem ní kí n kọ́ òun ní kókó náà. Mo ní ará ilẹ̀ ò lè mọ̀ ọ́n.

Mọ́ńdè, 19

Mo ti rò ó. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn: "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ ẹ̀rọ, tèmi á tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ti ba ọwọ́ mi jẹ́. Kausarat ló máa fi bébà sí i. Bí kò bá sí Kausarat, ẹ wá ẹlòmíì tó máa gán ìwé yín."

Ó ní ọlọ̀tẹ̀ ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Ó wo iṣẹ́ Alhaji tó wà nílẹ̀. Ó wo ọmọ ẹ̀. Ó ní òun ń lọ kírun. Aago mẹ́wàá àárọ̀! Ìrun wo? Kò ka dìkírì kankan kó tó jáde.

Mo tẹ̀ ẹ́. Kausarat fi bébà sí i. Èyí àkọ́kọ́ wọ́ bí ẹsẹ̀ akàn. Nojeem rẹ́rìn-ín.

A fi òmíràn sí i.