Ìgò Eruku Ìyá Mi Dorthea

Èmi, Ejgil Marius Kjærulf, ayàwòrán, ọmọ bíbí Lildstrand ní etíkun Denmark, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ni mo ṣe ìwé yìí. Ọpọlọ mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi. Ìwé ìhágún yòówù tí mo ti kọ ṣáájú di asán. Lọ́yà Preben Thulstrup ni kí ó pín ogún mi.

1. Ilé mi àti ọgbà ọ̀dùnkún ẹ̀yìn rẹ̀ di ti Gudrun, àbúrò mi obìnrin. Ó lè ní òun kò fẹ́. Ó di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

2. Adìyẹ mẹ́fà àti Sofus, ajá mi arúgbó, di ti Lone Bisgaard, aládùúgbò mi. Sofus kì í jẹ ẹja. Kí Lone má wulẹ̀ bá a jà sí i.

3. Kí ẹ kó gbogbo pásítẹ́lì mi, ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ rírọ̀ tí mo fi ya òkun, pápá àti iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ará abúlé, fún ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé ọ̀gá kan ní Paris ló kọ́ mi ní iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì. Irọ́ ni. Ọ̀dà olóròóró ni mo fi ń yàwòrán tẹ́lẹ̀, inú yàrá kan ṣoṣo sì ni èmi àti Dorthea, ìyá mi, ń gbé. Òórùn ọ̀dà náà kì í jẹ́ kí ó mí dáadáa. Kò ní kí n jáwọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ejgil, máa yà á lọ, ṣáà bá mi ṣí fèrèsé díẹ̀." Inú òtútù January ni. Lọ́jọ́ kejì ni mo ra ṣọ́ọ̀kì. Ohun rere kan tí mo ṣe fún un nìyẹn, òun náà ni mo wá fi purọ́.

4. Ìgò ẹja oníyọ̀ kan wà lórí pẹpẹ ìdáná. Láràárọ̀ ni Ìyá máa ń gbá eruku ṣọ́ọ̀kì ilẹ̀ jọ sínú rẹ̀, torí kì í fi nǹkan ṣòfò. Gbogbo àwọ̀ náà á dàpọ̀ di àwọ̀ eérú. Mo máa ń fi omi pò ó, kí n rọ ọ́ di ṣọ́ọ̀kì tuntun, òun ni mo fi ya òkun tí wọ́n ń torí rẹ̀ yìn mí. Gudrun ni kí ẹ fún ní ìgò náà. Ó ṣì kù díẹ̀ nínú rẹ̀.

5. Àwòrán mi tí mo yá ilé ìṣàfihàn ìlú, èyí tí wọ́n kọ "Obìnrin Kan Nídìí Ẹja" sí lábẹ́, Ìyá ló wà níbẹ̀, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e kọ́, obìnrin olówó kan bi mí pé ta ni. Ojú tì mí nítorí ọwọ́ pupa Ìyá tó kún fún ìpẹ́. Mo ní, "Èmi ò mọ̀ ọ́n o. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń yọ ìfun ẹja ni." Àṣé Ìyá wà lẹ́yìn mi, nínú gèlè ọjọ́ Sunday rẹ̀, Gudrun dì í lọ́wọ́ mú. Ìyá wo àwòrán náà, ó wò mí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Òkun yẹn dára." Ó bá mi gbé irọ́ náà, kí n má bàa tẹ́.

Níta ni Gudrun ti ní, "Ṣé o ti wá ju ẹni tó bí ẹ lọ ni?" Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá tún gbá eruku jọ sínú ìgò. Ó kú láìmẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà, èmi náà kò sì bẹ̀ ẹ́. Irọ́ mi ti sáré fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òtítọ́ bá a lónìí.

Kí Lọ́yà Thulstrup yọ àkọlé yẹn, kí ó kọ ọ́ pé: "Dorthea Kjærulf". Bí ìlú bá kọ̀, kí ó gbé àwòrán náà fún Gudrun.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 1987, níwájú Niels-Ove Søgaard, apẹja, àti Astrid Vangsø, nọ́ọ̀sì:

Ejgil, ọmọ Dorthea.