Fíìmù Tí Bùsáyọ̀ Ń Ṣe Nípa Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ọ̀rọ̀ yìí, ojú ń tì mí láti fi ẹnu sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sí yín.

Bùsáyọ̀, àbígbẹ̀yìn mi, ń ṣe fíìmù nípa yín. Ó fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Kì í jẹun dáadáa, kì í sọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Síbẹ̀ inú mi dùn pé ọmọ tí mo bí sí Dagenham nílùú òyìnbó níbí fẹ́ kí ayé mọ̀ yín, dókítà tí kò sá nígbà tí onígbáméjì wọ ìlú wa. Àwọn yòókù lọ, ẹ̀yin ń sùn lórí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù. Akọni ni wọ́n ń pè yín títí dòní.

Lọ́jọ́ tó gbé kámẹ́rà síwájú mi ní kíṣìnì, ẹ̀wà ni mo ń ṣà. Mo rò pé ó ṣì ń dán an wò ni. Ó ní báwo ni èmi ṣe rí ayé nígbà náà. Ọ̀rọ̀ yín ni gbogbo èèyàn máa ń bi mí. Kò sẹ́ni tó bi mí ní tèmi rí. Ni ẹnu mi bá là.

Mo sọ pé lẹ́yìn tí àrùn náà rọlẹ̀, ẹ ò tíì wálé, mo purọ́ pé inú ń run mí, mo tò sẹ́yìn àwọn aláìsàn kí n ṣáà lè rí yín. Nígbà tó kàn mí, ẹ gbé ọwọ́ lé mi níwájú orí, ẹ ò gbójú sókè. Ẹ ní, "Kí lorúkọ ẹ?" Mo dárúkọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ní kí ẹlòmíràn wọlé.

Ibẹ̀ ni fíìmù ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Bùsáyọ̀ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí, ni bàbá kékeré, àbúrò yín, bá pè mí láti Ìjẹ̀bú. "Ṣé ìwọ lo máa wá fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú òyìnbó? Ṣé o ò lè panu mọ́ ni?" Èmi ọmọ dókítà, ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, aṣọ ni mo ń ká ní ṣọ́ọ̀bù ní Vicarage Field. Ẹ wo ẹni tó ń ro ẹjọ́ yín.

Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni lọ́jọ́ náà? Ṣé oorun ló kún ojú yín ni?

Lánàá Bùsáyọ̀ jókòó tì mí. "Mọ́mì, mo lè gé e kúrò o. Ẹ ṣáà sọ. Sátidé la máa fi hàn ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì." Ó ń wò mí lójú, kò wo fóònù rẹ̀. Mo mọ ohun tí gbogbo ẹbí ń retí kí n sọ.

Mo ní kó má gé e.

Ojú ń tì mí gan-an, Bàbá mi. Tí wọ́n bá dìde pàtẹ́wọ́ fún yín, èmi náà á dìde, nítorí ẹ gba ìlú là lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n rí ọmọ tó tò sẹ́yìn àwọn aláìsàn yẹn náà. Ẹ má bínú sí Bùsáyọ̀. Èmi ni kí ẹ bá wí.

Èmi ọmọ yín obìnrin,
tí ìfẹ́ yín ò tán lọ́kàn rẹ̀.