Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Rẹ

Ijapo Estate,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà, 2024.

Motúnráyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Àbdùlláhì ọkọ rẹ àti Ọlábísí ọmọ yín. Àdúrà mi ni pé kí ara yín le ní Maldives níbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ òkun má ṣe fa ikọ́ fún ọmọ. Èmi náà wà, mo dúpẹ́.

O ti gbọ́ lórí fóònù pé bàbá rẹ kú, a sì ti sin ín sí Oǹdó. Ohun tí ẹkún kò jẹ́ kí n sọ lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ yìí. Jọ̀wọ́, jókòó kí o tó kà á.

Ṣé o rántí ìwé tí o kọ nígbà tí ẹ ní ká wá kí yín? O ní a kò gbọdọ̀ gbé ọtí tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wọ̀lú, ká máa bo èjìká lọ sọ́jà, àti pé ṣọ́ọ̀bù máa ń tì lásìkò ìrun Jímọ̀. O ní ẹja àti àgbọn ni wọ́n fi ń jẹ búrẹ́dì pẹlẹbẹ láàárọ̀, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n sì fi ń jẹun. Bàbá rẹ ka ìwé náà títí ó fi ya. Òun ló ní kí n lọ ra ìborùn ní Ọjà Ọba.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún rẹ̀. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Mo ní ká máa lọ bẹ́ẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ṣé ọwọ́ òsì ni n óò fi jẹun lójú àwọn àna mi? Wọn á ní irú ilé wo ni Motún ti wá." O kúkú mọ oríkunkun bàbá rẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń purọ́ fún ọ pé páspọ́ọ̀tù rẹ̀ kò tíì jáde. Dárí jì mí.

Oṣù márùn-ún gbáko ló fi ń kọ́ ọwọ́ ọ̀tún yẹn láti tún jẹun. Bí mo bá ro púpurú tán, á bu òkèlè, á já bọ́ sáyà rẹ̀, á tún bù ú. Lọ́jọ́ kan inú bí mi, mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi bọ́ bàbá rẹ, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè ìkẹyìn yẹn ni òkèlè kan dé ẹnu rẹ̀. Ọ̀kan péré. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Motún, pe ọmọ rẹ, sọ fún un pé à ń bọ̀." Mo ní kí n kọ́kọ́ fọ àwo. Nígbà tí mo padà, ó ti kú lórí àga.

Má dá ara rẹ lẹ́bi nítorí ìwé yẹn, ire ni o rò sí wa. Kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú, kí Ọlábísí dàgbà lójú rẹ, kí ó sì sin ọ́ lọ́jọ́ alẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ tí àárò rẹ ń sọ,
Modúpẹ́ Akínlolú.

Mo tún rántí: Àbdùlláhì pè mí lánàá láti bá mi kẹ́dùn. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà fún un, mo ní kó jẹ́ kí o kọ́kọ́ ka ìwé yìí. Ó wá ní ọwọ́ òun lòun fi bọ́ bàbá òun títí tó fi kú, òun ìbá sì bọ́ bàbá rẹ náà.