Bàtà Orí Yìnyín

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọjà, ẹ kú èéfín dòdò. Ara tèmi le koko.

Lánàá, Akíndèjì ọkọ mi ní dandan ni kí n jáde nílé, pé ká lọ rìn nínú igbó. Rírìn lásán ni o! A ò ṣẹ́gi, a ò wá olú. Ìgbafẹ́ ni wọ́n ń pè é níbí.

Yìnyín mu èèyàn dé orúnkún, nítorí náà a kọ́kọ́ lọ yan bàtà kan tó fẹ̀ bí àtẹ tí ẹ ń pàtẹ dòdò lé, tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rì. Mo ti di aláwọ̀ pupa kan mú, ni obìnrin tó ń tà á bá rẹ́rìn-ín. Ó ní wọn kì í fi ẹwà yàn án, ìwúwo èèyàn ni, àti ti ẹrù tó bá gbé sẹ́yìn. Ó wá bi mí bóyá màá pọn ọmọ.

Akíndèjì ti yíjú sí ògiri. Mo ní rárá, èmi nìkan ni. Obìnrin náà fún mi ní èyí tó kéré jù. Màámi, mi ò rì rárá.

Ọ̀já tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, ó rẹwà; mo ti ká a sínú àpótí pẹ̀lú àwọn aṣọ kékeré yòókù. Ní ti fọ́tò ọmọ tí ẹ ń bèèrè, fóònù mi ló ń ṣe wèrè.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Kòfowórọlá ní Àpòmù. Fìlà kékeré tí wọ́n ń hun fún ọmọ yẹn, ẹ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ẹ sọ fún wọn pé òtútù ti tán níbí.

Ọmọ yín,
Adébímpé