Ẹyẹ Bàbá Mi Wà Nínú Eré Tẹlifíṣọ̀n

Ìyá Ìbejì,

Má wá mi. Mo ti lọ bá àbúrò rẹ níbi tó ti ń bá àwọn eléré tẹlifíṣọ̀n to yàrá tí wọ́n ti ń ṣeré. Àwòrán ẹyẹ àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, tó yá lọ́wọ́ mi, tó ní òjò ti bà jẹ́, irọ́ gbuu ló pa! Láàárọ̀ yìí, bí ìyá ọkọ inú eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n wa ṣe ń sunkún, ẹyẹ mi ni mo rí lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ibi tí ikán ti jẹ ìrù rẹ̀. Eré bọ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹyẹ mi tún ti ṣáájú wọn dé ara ògiri ibẹ̀!

Mo mọ̀ pé wàá ní, "Bàbá Ìbejì, àwòrán lásán ni, ẹ fi sílẹ̀." Mi ò fi sílẹ̀. Má pè é lórí fóònù, kó má baà sáré gbé e pamọ́. Oúnjẹ rẹ wà lórí sítóòfù. Ẹran tí o fi pamọ́ fún un, mo ti jẹ ẹ́.

Tí mo bá bá wọn lẹ́nu eré, mi ò ní dúró dè wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé eré náà jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, tí o bá rí ọkùnrin kan tó kọjá lẹ́yìn ẹni tó ń sunkún, tó sì já àwòrán lára ògiri, má pariwo. Ọkọ rẹ ni.